Nọ́mbà Tí Wọ́n Fún Ọ̀sà Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo lọ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún márùn-ún gbáko, mo máa ń dáhùn pé mo lọ kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé. Òótọ́ ni, irọ́ kọ́. Ohun tí n kì í fi kún un ni pé nígbà tí mo débẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi nù sínú káàdì, mi ò sì mọ̀ pé mo ṣe é. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Bàbá mi ti ń pẹja lórí ọ̀sà kí wọ́n tó bí mi, ìyá mi tó ti di olóògbé sì jẹ́ ọmọ Ìpakodò ní Ìkòròdú. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kéwú, Ìkòròdú ni mo ti kàwé tí mo sì ṣe tíṣà. Nàìjíríà ò tíì gba òmìnira nígbà náà, ẹni tó bá sì ń lọ sí ìlú òyìnbó, gbogbo àdúgbò ló ń sìn ín dé etí omi. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Bàbá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní, "Bí o bá débẹ̀, wá ìwé tí òyìnbó ẹlẹ́ja yẹn kọ. Ọ̀rọ̀ mi wà nínú rẹ̀."

Òyìnbó ẹlẹ́ja ni a ń pe ọkùnrin kan tí ìjọba rán wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo ṣì kéré. Ilé wa ló dé sí. Àràárọ̀ ni Bàbá ń gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi lọ wo ọgbà ẹja wa, ìyẹn igi ẹlẹ́ka tí àwọn apẹja ìlú wa máa ń rì mọ́ ilẹ̀ inú ọ̀sà kí ẹja lè máa gbé ibẹ̀. Bàbá ń sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ń túmọ̀, òyìnbó ń kọ. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, Bàbá gbà pé gbogbo ohun tóun mọ̀ ti dọ́wọ́ ìjọba nìyẹn. Àwa ọmọ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ti di ọ̀mọ̀wé láìwọ kíláàsì, inú rẹ̀ a sì máa dùn sí i.

Gbogbo ènìyàn ló kìlọ̀ òtútù Lọ́ńdọ̀nù fún mi, mo sì kó aṣọ lọ bí ẹni tó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé èmi àti ẹnì kan lè jọ gbé ilé kan fún oṣù mẹ́ta ká má mọ orúkọ ara wa. Mo máa ń kí obìnrin tó wà ní yàrá kejì ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, títí ó fi bi mí pé ṣé mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ òun ni. Láti ọjọ́ náà, mo dín ìkíni kù. Ó dùn mí ju òtútù lọ.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ nínú ilé ìkàwé ìjọba, mo kúnlẹ̀ kí Mísì Pàmà. Obìnrin àgbà ni, orí rẹ̀ funfun, òun sì ni olórí gbogbo àwa tó ń kọ káàdì. Mi ò tíì dìde tí òun náà fi kúnlẹ̀ tì mí, tó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri.

"Kí ló jábọ́ lọ́wọ́ rẹ?" ló bi mí.

"Kò sí nǹkan tó jábọ́, mà. Mo ń kí yín ni."

Àwa méjèèjì ń wo ara wa níbẹ̀ lórí orúnkún. Nígbà tí ó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fà mí dìde. Òun ni ènìyàn àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn mí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ láti gbogbo ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso ló ń dé ọ̀dọ̀ wa: ìwé oko, ìwé ẹja, ìwé àìsàn, ìwé igbó. A ó kà á, a ó sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí káàdì, kí ẹni tó bá ń wá a lè rí i. Mísì Pàmà kì í gba iṣẹ́ jákujàku. "Má wo ohun tí ìwé náà ń pe ara rẹ̀," ló máa ń sọ. "Bi ara rẹ pé, ta ni yóò wá a wá, kí ni onítọ̀hún yóò sì pè é?" Ìwé kan lè gba káàdì méje lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé mo máa ń ronú lé e lórí nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀sán gangan, mo máa ń tẹ́ aṣọ ìkírun mi sáàárín pẹpẹ ìwé nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé, Mísì Pàmà a sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà já wọlé lé mi lórí.

Mo wá ìwé òyìnbó ẹlẹ́ja lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò wá a dáadáa. Mi ò mọ orúkọ ọkùnrin náà, a ò pè é lórúkọ rí. Káàdì ìgbà yẹn pọ̀ bí ewé, iṣẹ́ sì pọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ ń bẹ níwájú.

Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni maṣíìnì dé. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Káàdì tirẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kankan lára, ihò ni, ihò kọ̀ọ̀kan sì dúró fún nọ́mbà kan. Ẹ ó tẹ nọ́mbà ohun tí ẹ ń wá, káàdì á máa sáré kọjá pẹ̀lú ariwo, àwọn tí ẹ fẹ́ á sì já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gá wa pe gbogbo wa jọ.

"Láti òní lọ, maṣíìnì yìí ni yóò máa ru ẹrù," ló sọ. "Ẹ̀yin yóò wá ráyè fi ọpọlọ yín ṣiṣẹ́. Ẹ ó máa kàwé, ẹ ó máa ronú, ẹ ó máa dá àwọn tó ní ìbéèrè lóhùn."

A pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi pọ́n mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí yóò máa fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ mọ́ ara ògiri. Mo kà á láti òkè délẹ̀, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èmi ò sí níbẹ̀. Yàrá tí wọ́n ti ń lu ihò ni wọ́n fi mí sí.

Ẹ má bínú, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Tíṣà ni mí. Mo ti kọ́ ọmọ ogójì nínú kíláàsì kan ní Ìkòròdú, ìkankan nínú wọn ò jáde láìmọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnì.

Òfin yàrá náà le. Àkọlé ìwé nìkan ni ká wò, a ò gbọ́dọ̀ ṣí i, nítorí ṣíṣí ìwé ń fi àkókò ṣòfò. Ìwé kan, nọ́mbà kan. Wọ́n fún wa ní ìwé nọ́mbà tí ẹnì kan tí a ò mọ̀ ti kọ síbì kan tí a ò mọ̀. Òkun ní nọ́mbà nínú rẹ̀. Odò ní tirẹ̀. Adágún omi náà ní tirẹ̀. Ọ̀sà kò ní. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa léèrè, ó ní, "Mú èyí tó bá sún mọ́ ọn." Ẹni tó bá lu káàdì yóò kọ nọ́mbà náà sẹ́yìn ìwé, yóò sì fi àmì ara rẹ̀ sí igun ibẹ̀. Àmì tèmi ni ilà kékeré méjì. Mo lu, mo fàlà, mo lu, mo fàlà, ọjọ́ sì ń lọ.

Nígbà tí a parí gbogbo rẹ̀, wọ́n kó àwọn káàdì àtijọ́ tí Mísì Pàmà fọwọ́ kọ jáde, wọ́n lọ lọ̀ wọ́n di bébà tuntun. Ó dúró lójú fèrèsé tó ń wo bí wọ́n ṣe ń dà wọ́n sínú ọkọ̀. Mo dúró tì í. Mi ò mọ ohun tí à ń sọ fún ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lédè wọn.

Lẹ́tà Lásísì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lásísì ni àbúrò mi, òun ló ń bá Bàbá pẹja. Ó kọ ọ́ pé, "Àǹtí mi, a kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló délẹ̀. Àjẹ́lẹ̀ tuntun ní kí gbogbo Ẹ̀pẹ́ fa ọgbà ẹja tu kúrò nínú ọ̀sà. Ó ní ọgbà wa ló ń pa ẹja run. Bàbá sọ fún un pé ìjọba ti kọ ìwé lórí ẹ̀, pé òyìnbó kan wo gbogbo ẹ̀ fínnífínní, ó sì rí i pé ọgbà kì í pa ẹja run. Àjẹ́lẹ̀ ní òun ti béèrè ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó pe Bàbá ní onírọ́ lójú àwọn èèyàn, Àǹtí. Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìpàdé tí wọ́n máa fi parí ẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ Sátidé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ìwé yẹn."

Ọ̀sẹ̀ kan ni lẹ́tà náà fi rìn. Ó ku mẹ́ta.

Mo lọ bá Mísì Pàmà, mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà tán tó fi ní, "Ẹ̀pẹ́! Mo rántí. Èmi ni mo kọ káàdì rẹ̀, ó pé mẹ́fà. Mo kọ Ẹ̀pẹ́, mo kọ ọ̀sà, mo kọ ọgbà ẹja. Àkọlé ìwé náà ni mi ò rántí." Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tó rántí pé wọ́n ti lọ àwọn káàdì náà. A lọ sídìí maṣíìnì. Ọ̀sà kò ní nọ́mbà, ọgbà ẹja kò ní nọ́mbà, Ẹ̀pẹ́ kéré jù láti ní. A tẹ nọ́mbà odò, a tẹ ti adágún, kò sí níbẹ̀; ti òkun kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn. Maṣíìnì náà kò purọ́ fún àjẹ́lẹ̀. Ohun tí a sọ fún un ló ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ó wá ku ká fọwọ́ wá a. Ní gbogbo àkókò oúnjẹ ọ̀sán, èmi àti obìnrin àgbà yìí ń sọ̀kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé, a ń tú pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, eruku ń mú wa sín. Mi ò rántí ohun tí mo jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà yàtọ̀ sí búrẹ́dì àti ẹja inú agolo. Ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ ń jẹ ẹja inú agolo! Mo máa ń dúró nídìí pẹpẹ kí n bi ara mi pé kí ni mo ń ṣe níbí. Ní ìlú yìí, mo jẹ́ ẹni tí ń tẹ bọ́tìnì. Ní ilé, mo jẹ́ ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí gbogbo ilé gbójú lé. Mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo jẹ́ lóòótọ́, ó sì ń dẹ́rù bà mí pé ó lè jẹ́ pé mi ò jẹ́ ọ̀kankan.

Ọjọ́ Túsìdeè tó kẹ́yìn ni Mísì Pàmà fà á yọ. Ìwé pẹlẹbẹ, èèpo rẹ̀ aláwọ̀ eérú. Àkọlé rẹ̀ kò dárúkọ Ẹ̀pẹ́, ó kàn sọ̀rọ̀ nípa ẹja etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nọ́mbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ti òkun.

"Ta ni aláìmọ̀kan tó fi èyí sí òkun?" Mísì Pàmà fi ìbínú béèrè, ó sì mú un wá síbi iná láti wo àmì tó wà ní igun.

Ilà kékeré méjì ni.

Kò wò mí lójú. Ó kàn ní, "Wọn ò jẹ́ kó o ṣí i," ó sì gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Ó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ bàbá mi, ojú ewé mẹ́ta. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdé Ẹ̀pẹ́ tí kò tíì mọ apá ọ̀tún mọ̀ pé òkun yàtọ̀ sí ọ̀sà. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò lè purọ́.

Lẹ́tà ò ní yá mọ́. Mo tẹ wáyà sílé pé kí wọ́n wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá ní Èkó ní ọjọ́ Jímọ̀, kí n bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún ènìyàn. Bàbá àti Lásísì wọkọ̀ ojú omi kúrò ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sùn ní Ìpakodò lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi, kí wọ́n tó dé Èkó. Èmi náà ti dúró sínú àpótí tẹlifóònù láti wákàtí kan ṣáájú, ìwé náà wà láyà mi.

"Àǹtí?" Ohùn Lásísì ń lọ, ó ń bọ̀. "Àǹtí, wọ́n ti ṣèpàdé yẹn lánàá. Wọn ò dúró de Sátidé mọ́. Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í tu ọgbà lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Mo ṣí ìwé náà, mo tún pa á dé.

"Bàbá ní bó ti wù kó rí, àwọn ṣì fẹ́ gbọ́ ohun tí ìwé yẹn wí. Bàbá rèé."

Bàbá ò lo tẹlifóònù rí. Ó pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn ní òdìkejì omi. "Ọmọ mi! Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá. Ẹ ṣe jẹ́jẹ́, mò ń gbọ́ yín." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. "'Àgbà apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́ sọ fún mi pé kì í ṣe láti fi mú ẹja ni wọ́n ṣe ri igi mọ́ inú ọ̀sà, pé ilé ni wọ́n kọ́ fún un. Ibẹ̀ ni ẹja ń yé sí. Wọn kì í fọwọ́ kàn án títí àwọn ọmọ ẹja yóò fi dàgbà. Mo fi ojú ara mi wò ó, ohun tó sọ rí bẹ́ẹ̀.'"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ṣé ó dárúkọ mi?"

"Rárá, Bàbá. Ó ní apẹja kan."

"Bí ìwé ọ̀hún bá wà níbẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ní àwọn ò rí i?"

"Wọ́n fi í sí ààrin ìwé òkun."

"Òkun kẹ̀? Ta ló fi ọ̀sà wa sí òkun?"

Mo lè sọ fún un nípa òfin yàrá náà. Mo lè sọ ti ìwé nọ́mbà, àti ti ọkùnrin tó ní kí n mú èyí tó bá sún mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú ń lọ.

"Èmi ni, Bàbá."

Mo gbọ́ mímí rẹ̀. Mo gbọ́ ariwo bí ẹ̀fúùfù nínú wáyà. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé àkókò mi ti pé.

Láti ọjọ́ náà, Lásísì nìkan ló ń kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ pé wọ́n ti fa igi tu. Mo da ìwé náà kọ, mo fi ránṣẹ́ sí àjẹ́lẹ̀. Ó dáhùn pé òun ti rí i gbà, ó dúpẹ́. Ní ìparí gbogbo lẹ́tà, Lásísì máa ń kọ ọ́ pé Bàbá ń kí mi. Mo mọ̀ pé òun ló ń fi kún un.

Ìbínú ló gbé mi wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Mo gbé ìwé náà ka orí tábìlì rẹ̀, mo sì sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ní maṣíìnì yóò ru ẹrù kí àwa lè ronú. Ta ni ó wá ń ronú fún àwọn tí ẹ kó sí yàrá ihò?" Mísì Pàmà dúró lẹ́yìn mi, ó sì sọ pé bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé òun náà. Wọn ò lé mi. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n ní kí n jókòó ti Mísì Pàmà, ká jọ tún ìwé nọ́mbà náà ṣe. A wá ń ṣí ìwé, a ń kà á, a sì ń béèrè ìbéèrè àtijọ́ yẹn: ta ni yóò wá a wá, kí ni yóò pè é? Nọ́mbà 318 ni mo fún ọ̀sà. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, maṣíìnì hó, káàdì sáré, ìwé òyìnbó ẹlẹ́ja sì já bọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí n tó ka ení dé ogún. Iṣẹ́ tó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú eruku nìyẹn. Mi ò lè bá maṣíìnì náà jà mọ́. Mo kọ̀wé sọ ọ́ fún wọn nílé, mo kọ nọ́mbà náà gàdàgbà. Èsì kankan ò wá lórí ìyẹn.

Nígbà tí mo padà dé, Ìpakodò ni mo kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, wọ́n kí mi, wọ́n kí mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bí a ṣe ń dáhùn. Lásísì wá mú mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo wo ojú ọ̀sà láti etí omi. Ó mọ́ lóló, kò sí igi kankan níbi tí ọgbà wa wà. Wọ́n ti fa ọkọ̀ ojú omi Bàbá gun orí ilẹ̀, ó sì ti gbẹ. Lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnì kan fi ọ̀dà funfun kọ 318, ó tóbi tó ojú fèrèsé.

"Bàbá ló ní kí n kọ ọ́," ni Lásísì wí. "Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni. Wọ́n ní bí òyìnbó kan bá tún wá, kó rí i kà, kó má tún sọ pé òun ò rí wa."

Bàbá jókòó sórí ẹní níwájú ilé, ó ti rù, ojú rẹ̀ ò sì ríran tó ti tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó di orí mi mú, ó ṣàdúrà, kò sì sọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ tẹlifóònù.

"Nọ́mbà tó wà lára ọkọ̀ yẹn," ló wá sọ, "ṣé bó ṣe wà nínú ìwé wọn nìyẹn?"

"Bó ṣe wà gan-an nìyẹn, Bàbá."

"Ta ló fún wa?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ó mi orí pé ó dára. Ó wá na abọ́ ẹja iwájú rẹ̀ sí mi, ó ní kí n jẹun.